Ẹni Tó Wà Níwájú Lórí Afárá

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ni ọmọ mi obìnrin kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Eré ló ń sá nígbà tó jókòó lórí afárá kan, ní ìlú tí n kò dé rí. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn ló dáwọ́ dúró. N kò bá dókítà jiyàn. Èmi mọ ohun tí mo ṣe.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi jókòó sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páànù, tí mò ń kọ àkókò tí òṣìṣẹ́ dé àti àkókò tó lọ. Ẹni tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan náà ni màá kọ sí i lọ́rùn. Wọ́n ní ojú mi le. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọmọ mi náà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí mo rí i pé eré ọ̀nà jíjìn kì í rẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ra aago ìdíwọ̀n eré, èmi ni mò ń jí i láàárọ̀ kùtùkùtù, èmi ni mò ń dúró sí ìkóríta títí á fi yí po. N kì í sọ pé ó ṣe dáadáa. Àkókò tó sá ni mo máa ń sọ fún un.

*

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n bá rí tó ń sáré lórí tẹlifíṣọ̀n, olówó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ara èèyàn kò gba eré ọ̀nà jíjìn yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Nítorí náà, oúnjẹ odidi ọdún kan wà lórí wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá ṣe kìíní gba ìlọ́po méjì ohun tí ẹni kejì gbà, ẹni kejì gba ìlọ́po méjì ti ẹni kẹta. Ẹni kẹwàá gba omi. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n á san án. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ìtọ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá ó lo oògùn tí kò tọ́, ó sì lè gba oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, a máa yọjú sí mi láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ìtọ̀ yẹn ò tíì dé ni? Ó kù díẹ̀ kí n lọ tọ̀ ọ́ fún wọn fúnra mi."

Ilé-iṣẹ́ bàtà ló ń fún un ní owó ọdọọdún tó fi ń jẹun. Àmọ́ bí orúkọ rẹ̀ bá wálẹ̀ nínú ìwé àwọn tó yára jù, wọ́n á gé e. Bí ẹsẹ̀ bá dùn ún tó jókòó oṣù mẹ́ta, wọ́n á gé e. Bí kò bá sáré ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n á gé e. Alágbàtà tó ń bá a wá eré ń gba tirẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ń gba tirẹ̀, ìjọba náà ò gbàgbé.

Gbogbo ìyẹn ni à bá fara dà bó bá ń ṣe kìíní. Kò ṣe kìíní rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe ìkejì, ẹ̀yìn obìnrin kan ṣoṣo náà ni. Má-wẹ̀yìn ni wọ́n ń pe obìnrin yẹn, torí bó bá ti kọjá lára èèyàn, kì í bojú wẹ̀yìn mọ́. Ọmọ mi ni wọ́n wá ń pè ní Igbákejì. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún tuntun dé, ilé-iṣẹ́ bàtà kọ̀wé: bí kò bá borí eré ńlá kan kí oṣù kẹta tó parí, àdéhùn ti tán nìyẹn.

*

Má-wẹ̀yìn ò yára jù ú lọ. Ẹ̀rí mi wà nínú aago. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé kìlómítà karùndínlógójì, ọgbọọgba ni wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì ọmọ mi á dì bí òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹsẹ̀ kan náà, ibì kan náà.

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, mo ń bá a fọ bàtà. Mo fa ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà òsì jáde, mo sì rí awọ pélébé kan lábẹ́ rẹ̀, tó tó èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ní ojú mẹ́ta. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀. Òun kọ́.

Mo gbé e lọ fún alágbàtà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ẹnu ẹ̀ dùn. Ó yí i wò, ó ní, "Bàbá, ilé-iṣẹ́ ló máa ti bá a wá. Àwọn ẹ̀rọ wọn máa ń já nǹkan sínú bàtà."

"Ẹ̀rọ ló fi abẹ́rẹ́ lu ú?"

"Ẹ̀rọ kì í gún nǹkan ni, Bàbá?"

Mo ju awọ náà sínú iná. Kò jó. Ó ká kò bí ẹni tó sùn, ó sì jókòó sínú eérú. Lóru yẹn, ọmọ mi fi ẹsẹ̀ òsì lu ògiri lójú oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí eré dé nígbà tó wá bá mi ní ilé ìdáná. Mò ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Bàámi, alágbàtà ní wọ́n ń wá asáré-ṣíwájú."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Asáré-ṣíwájú ni ẹni tí àwọn tó gbé eré kalẹ̀ háyà kó máa sáré níwájú, kó máa tẹ̀ síwọ̀n kan náà, káwọn tó lókìkí lè sá pamọ́ fún afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi máa di kìlómítà ọgbọ̀n, á yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ ti parí. Kò sí ipò, kò sí ẹ̀bùn. Owó rẹ̀ dájú ṣá.

"Ta ni wọ́n fẹ́ kó o máa sáré fún?" ni mo bi í.

Mo ti mọ̀, Má-wẹ̀yìn ni.

"O fẹ́ lọ máa gbé àtùpà kí ẹlòmíràn fi rí oúnjẹ jẹ."

"Bàámi, èmi náà á jẹun. Ọdún méje ni mo ti ń lé ìkíní. Ó ti sú mi. Owó asáré-ṣíwájú kì í wo ojú ẹni, bó o bá ti débi tí wọ́n ní kó o dé, o ti gbà á. Àwọn kan fi ń jẹun títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún."

"N kò fi ọdún mẹ́tàdínlógún jí láàárọ̀ kùtùkùtù kí ọmọ mi lè di ọmọ ọ̀dọ̀ lójú títì."

Ó ní, "Ẹ máa rọra, ọ̀bẹ yẹn ti mú." Ó sì jáde. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo rò pé ó ti gbà.

*

Ọkùnrin aránbàtà kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní géètì ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, tó ní ohun tí bàbá yẹn ń rán ju bàtà lọ. Ní ọ̀sán kan, mo lọ.

Ó dàgbà jù mí lọ. Kò gbójú sókè. Ó ń fi ìda pa òwú.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá."

"Kì í ṣe bàtà ni mo bá wá, Bàbá."

"Mo mọ̀. Gbé ẹsẹ̀ wá."

Ó di gìgísẹ̀ òsì mi mú, ó sì dì í mú pẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo sọ ẹjọ́ mi. N kò ní kó pa á. Mo kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe jẹ́: n kò ní kó pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹsẹ̀ obìnrin yẹn dì, bó ṣe ń mú kí ti ọmọ mi dì.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo sọ ọ́.

"Obìnrin mélòó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé? Orúkọ kì í dúró lójú kan. Ipò ló ń dúró. Ibo ló máa wà?"

Afárá gígùn kan wà nínú eré tó ń bọ̀, ní kìlómítà kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ọdún méjì ni Má-wẹ̀yìn ti sá eré yẹn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ló ti gba iwájú kó tó dé orí afárá. Ọmọ mi kì í gba iwájú. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn: kó sá pamọ́, kó tọ́jú ara rẹ̀ di òpin.

"Níwájú," ni mo wí. "Ẹni tó bá wà níwájú láàárín àwọn obìnrin lórí afárá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo ti kọ àkókò wọn sílẹ̀."

Ó gbójú sókè nígbà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó gé awọ kan ní ìwọ̀n gìgísẹ̀ mi. Kò jẹ́ kí n rí ohun tó rán sínú rẹ̀. Ó ní láti ìdájí ọjọ́ náà, n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, kí n fi gìgísẹ̀ òsì tẹ awọ náà mọ́lẹ̀, kí n má gbé e. Bí wọ́n bá ti wà lórí afárá, kí n gbé e.

Mo bi í pé èló ni. Ó ní òun kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ ohun tó rà.

*

Ẹnu Má-wẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ apá yìí.

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré, yàrá kan náà ni wọ́n fi òun àti ọmọ mi sí ní hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ ìwọ̀n eré. Ibùsùn méjì, fèrèsé kan tó dojú kọ ògiri. Ọmọ mi ń fi bébà lẹ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti dúdú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan," ni Má-wẹ̀yìn wí. "Má sáré jù bẹ́ẹ̀, má falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ aago ni mí. Tẹ́ ẹ bá rí i tí mo fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì ṣì í, kẹ́ ẹ gbá mi létí."

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀?"

"Bàámi? Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á wá sá eré náà fúnra wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Má-wẹ̀yìn yọ ońdè kan láti inú àpò, okùn dúdú tí wọ́n rán awọ mọ́, ó sì so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fún un. Ọdún mẹ́ta ni kì í sáré láìso ó.

"Kí lèyí ń ṣe?" ni ọmọ mi bi í.

"Wọ́n ní bí nǹkan bá ń bọ̀ wá bá mi lójú ọ̀nà, á yà."

"Á yà lọ sọ́dọ̀ ta ni?"

Má-wẹ̀yìn ní òun ò bi wọ́n rí.

Ọmọ mi wo ońdè náà pẹ́. Ó ní, "Èmi, ìwọ̀n ni mo máa so mọ́sẹ̀ ní tèmi, kí n má bàa sáré jù." Ó sì pa iná. Má-wẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ò lu ògiri lóru ọjọ́ yẹn. Ó sùn bí ọmọdé. Nígbà tó jí, ó ní òun lálàá pé ẹnìkan ń gbá ọ̀nà sílẹ̀ dè òun.

*

Ní aago mẹ́fà ku díẹ̀ láàárọ̀ Àìkú, fóònù mi dún. Orúkọ ọmọ mi ló jáde lójú rẹ̀. Mo wò ó títí ó fi dákẹ́. N kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ti jáde lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Mo ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Ní aago méje, mo fi gìgísẹ̀ òsì tẹ awọ náà mọ́lẹ̀. Ó gbóná. Mo rò pé ara mi ni. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé kì í ṣe ara mi: nǹkan ń lù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lójú títì. Mo kà á. Ìwọ̀n eré ni.

Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fi hàn ṣáá. Aago méje kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fi àwọn obìnrin hàn. Àwọn mẹ́rin ló ṣì wà pa pọ̀. Ọmọ mi ló wà níwájú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ìdùnnú ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo rí i níwájú, orí rẹ̀ dúró, èjìká rẹ̀ rọ̀, Má-wẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji. Mo dìde díẹ̀ lórí ìjókòó.

Ìgbà yẹn ni awọ náà ta mí lẹ́sẹ̀.

Wọ́n gbé àwòrán sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà kò sí láyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ sáyà asáré-ṣíwájú.

Mo gbé ẹsẹ̀ mi kó lè dáwọ́ dúró.

*

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ni alágbàtà wí lórí fóònù. Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé ẹ ń wò wọ́n? Ọmọ yín ń lọ bí aago."

"Ní kó kúrò níwájú."

"Ẹ ní kí ni?"

"Pè é kúrò níbẹ̀. Kó bọ́ sẹ́yìn. Kó jókòó sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ ló ń ṣe o. Iwájú yẹn gan-an ni wọ́n háyà rẹ̀ sí. Ẹ ò lè ní kí awakọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀."

"Ibo ló ti máa kúrò?"

"Kìlómítà ọgbọ̀n. Tó bá kúrò kó tó débẹ̀, eépìnnì ò wọlé. Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n má sọ fún yín, ẹ má bínú. Ẹ ò rí i pé ilé-iṣẹ́ bàtà ti ní àwọn á gbà á padà tó bá ṣe ti òní dáadáa? Gẹ́gẹ́ bí asáré-ṣíwájú. Ọdún mẹ́ta gbáko."

"Lọ bá wọn níbi afárá. Mo bẹ̀ ọ́." N kò bẹ ẹnikẹ́ni rí tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà, Bàbá. Èmi fúnra mi, ibi ìparí ni mo wà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń mí gúlegúle? Ẹ mumi. Ọmọ yín ò ní nǹkan kan."

Mo wo aago. Wọ́n ti ń sún mọ́ kìlómítà kẹrìndínlógún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ní kìlómítà kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kù. Kò ní pẹ́, kò ní yá, torí èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo sáré. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, orúnkún mi ò dára. Mo fi awọ náà há ọwọ́, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé ìwé, mo gba iwájú ilé epo. Àwọn èèyàn ń yà fún mi. Obìnrin kan ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ń lé yín ni?" Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Ilẹ̀kùn aránbàtà ṣí sílẹ̀. Ó ń fi ìda pa òwú.

"O ti gbé ẹsẹ̀," ló wí.

"Ọmọ mi ló wà níwájú."

"Ìwọ lo ní ẹni tó wà níwájú. Mo bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú."

"Ẹ dá a padà."

"Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ wà lórí rẹ̀, ó ṣì wà níkàáwọ́ rẹ. Ká ní o jókòó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di alẹ́, tó o kọ̀ tí o ò gbé e, níbẹ̀ ni ì bá kú sí. O gbé e. Ó ti jáde."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"O ò bi mí. Iye owó nìkan lo bi mí."

Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún ọ̀tún. Mo tẹ́ awọ náà sílẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ padà, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Kò gbóná mọ́. Kò lù. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí aago fi di mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Aránbàtà ń bá iṣẹ́ rírán rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ká apá mi kúrò lórí orúnkún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba bàtà lọ́wọ́ oníbàárà.

"Máa lọ sílé," ló wí. "Wọ́n ti kọjá."

*

Orí afárá yẹn ga, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lódì. Má-wẹ̀yìn ní ọmọ mi ò yí ìwọ̀n padà. Ó ń ka kìlómítà jáde lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń kọjá wọn. "Ogún ó lé mẹ́jọ, ó pé. Kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Lẹ́yìn tó ka kọkàndínlọ́gbọ̀n, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Má-wẹ̀yìn ní òun náà gbọ́ nǹkan, bí ohùn àgbàlagbà ọkùnrin. Ońdè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Ó rò pé ó kàn já ni. Ọmọ mi yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó di irin afárá mú, ó sì jókòó.

Ohun tí n kò lè gbé mì nìyí. Gbogbo ayé tó ń wo eré mọ̀ pé asáré-ṣíwájú a máa yà kúrò lọ́nà. Kò sí ẹni tó ń sáré lọ bá a. Iṣẹ́ rẹ̀ ló parí. Nígbà tí ọmọ mi jókòó ti irin yẹn, àwọn èrò orí afárá pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní ó ṣeun. Wọ́n yà á ní fọ́tò. Má-wẹ̀yìn fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó borí eré náà.

Ó tó ìdajì wákàtí kí obìnrin kan tó ń ṣa ike omi nílẹ̀ tó ní kó dìde.

*

Mo gbọ́ ohun tó sọ sínú fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ́yìn tí a sin ín. Ó ní, "Bàámi, ẹ káàárọ̀. Mo ṣe nǹkan kan tí mo fi pamọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí mi níwájú, ẹ má rò pé mo ti ń borí o, iṣẹ́ ni. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi níwájú lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá délé, ẹ bínú tó bẹ́ẹ̀ tó wù yín."

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Má-wẹ̀yìn wá sílé wa lọ́sàn-án. Ìyá ọmọ ò sí nílé. Obìnrin kékeré ni, ó kéré ju bó ṣe máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kúnlẹ̀, kò sì fẹ́ dìde. Ó sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí fún mi. Ó wá yọ ońdè tó já náà jáde, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

"Èmi ni mo pa á, Bàbá. Nǹkan tó ń bọ̀ wá bá mi ló yà bá a. Òun ló wà níwájú mi. Mo ti fi eré sílẹ̀. N kò lè sáré mọ́."

Mo wo ońdè náà. Mi ò mọ̀ bóyá òun ló yí i, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ti tó. N kò ní mọ̀ láéláé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá dákẹ́, obìnrin yìí á gbé e lọ, á sì máa gbé e títí tó fi máa kú, n kò sì ní máa gbé nǹkan kan lójú ayé.

Mo dákẹ́ pẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà mo ní, "Dìde. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo rán an."

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Nítorí èmi lẹ ṣe ṣe é?"

"Nítorí rẹ ni."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ń ṣe ìkíní."

Ó ní òun ò lè dárí jì mí, torí òun kọ́ ni mo pa. Ó mú ońdè rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá ẹ̀, Bàbá. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi ò ní bá yín sọ ọ́." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

Ó ti tó ọdún kan. N kò tíì sọ ọ́.

*

Ohun tí ọmọ mi fi sílẹ̀:

Bàtà eré mẹ́fà tó ti gbó, tó kọ iye kìlómítà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti sá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjì tí kò tíì wọ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ bàtà ní ká dá wọn padà, a sì dá wọn padà.

Aago ọwọ́. Eré tó kẹ́yìn wà nínú rẹ̀: wákàtí kan, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànléláàádọ́ta. Kò fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣì í.

Lẹ́tà alágbàtà, pé kìlómítà ọgbọ̀n ló wà nínú àdéhùn, pé ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún mítà, pé inú wọn bàjẹ́, pé wọn kò lè san án.

Ọṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́, méjìdínlógún, tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ̀.

Ìwé kékeré kan. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn: "Ọdún mẹ́ta asáré-ṣíwájú. Ká tún òrùlé Bàámi ṣe. Lẹ́yìn náà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ obìnrin."

Èékánná ẹsẹ̀ kan, dúdú, nínú bébà.

Èmi.

Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ nínú yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò tíì bi mí rí ibi tí mo sáré lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àmọ́ aládùúgbò rí mi, ó sì ti sọ fún un. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá ti dákẹ́, màá gbé ìwé yìí wọlé fún un.